Kí ni Ìwé Ìròyìn ti 1859 yí padà nínú bí àwọn Yorùbá ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́?

Èyí tó tóbi jù ni pé ìròyìn di ohun tí èèyàn lè padà lọ wò. Kí Henry Townsend, òyìnbó ajíyìnrere kan, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn yìí jáde l'Abẹ́òkúta, akéde ló máa ń lu agogo, á kéde tán, á kọjá lọ. Ẹni tó bá ṣì í gbọ́, àfi kó bi aládùúgbò. Bébà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan, ìyẹn okùn mẹ́ta, ogójì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde. Èrò Townsend gan-an ni pé kó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wádìí ọ̀rọ̀.

Ìkejì ni àkọtọ́. Ẹni tó ń to lẹ́tà gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà kan, kò lè kọ ọ́ bí ará Ẹ̀gbá lónìí, bí ará Ọ̀yọ́ lọ́la. (Bíbélì àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí jù.) Ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ ló jọba níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ Èkìtì fi ń kọ ohun tí kì í sọ nílé.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń kà á o. Àwọn tó gba ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kọjá ni, olóòtú ló sì ń yan ohun tó wọlé. Nígbà rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíyìnrere, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ìwé náà sì dáwọ́ dúró.