Ìrù ọ̀rọ̀ ni kó o máa wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ ṣe JAMB, ọ̀rọ̀ stress yìí, ìyẹn sílébù tó yẹ ká pè kó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ Òyìnbó, ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní PHOtograph ni, tíṣà wa ní phoTOgraphy ni. Ta ló gbà á nínú wọn? Àbí kí n kàn máa há gbogbo ẹ̀ sórí?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ló gbà á, àbúrò, má há a sórí. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé Yorùbá ò ní àfòmọ́ ìparí, iwájú ọ̀rọ̀ la máa ń so tiwa mọ́, tá a bá sì so ó mọ́ ọn tán, ohùn tó ti wà nílẹ̀ kì í kúrò láyè ẹ̀. Gbàgbọ́ di ìgbàgbọ́, "gbà" ṣì wà nísàlẹ̀, "gbọ́" ṣì wà lókè. Ẹ̀yìn ni Òyìnbó ń so tiẹ̀ mọ́ ní tiẹ̀, àwọn ìrù kan sì wà nínú ẹ̀ tó lágbára débi pé wọ́n á wọ́ stress kúrò níbi tó jókòó sí.

Èyí tó o máa bá pàdé jù ni -tion. Sílébù tó wà níwájú ẹ̀ gan-an ni stress máa ń bọ́ sí: EDucate di eduCAtion, exAMine di examiNAtion. Sílébù kan ṣoṣo sì ni -tion fúnra ẹ̀ o, "ṣọ̀n" ni, má kà á sí "ti-on", ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Fi ìka ka pronunciation wò: pro-nun-ci-A-tion, márùn-ún péré, ìkẹrin ló wúwo. "Nun" ló sì wà láàárín ẹ̀, kì í ṣe "noun" ti pronounce, mo ń gbọ́ àṣìṣe yẹn lẹ́nu àwọn tíṣà pàápàá, ó sì máa ń dùn mí.

Fún -ity, -graphy àti -ology, ka sílébù láti ẹ̀yìn, ẹ̀kẹta ni: uniVERsity, phoTOgraphy, biOLogy, responsiBIlity. Ti -ness, -ment àti -ship ò le, wọn ò mi nǹkan kan: HAPpiness, MANagement.

Báyìí, fetí sí bá a ṣe ń pe computer: kọ̀ǹpútà. Teacher ńkọ́? Tíṣà. Ibi tí stress wà gan-an la gbé ohùn òkè sí, etí wa ti gbọ́ ọ tipẹ́. Torí náà gbé ohùn sókè níbẹ̀, fà á díẹ̀, kó o wá yára kọjá lórí àwọn tó kù, torí àwa Yorùbá fẹ́ràn ká pe gbogbo sílébù ní pípé, bẹ́ẹ̀ Òyìnbó máa ń gbé èyí tí ò wúwo mì ni.

Ó ku -eer àti -ee, àwọn fúnra wọn ló ń gba stress: engiNEER, refuGEE. Committee nìyẹn tó yẹ kó o há sórí, torí comMITtee ni.