Fọ́ọ̀gì Láìtì Tó Ń Fọ́: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè tó wọlé lórí fọ́ọ̀gì láìtì, ìyẹn iná kùrukùru tó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, pọ̀ lẹ́yìn òjò ọdún yìí. Márùn-ún la mú nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo máa ń gbéra ní Ọ̀tá-Ẹ̀fun ní ìdájí lọ sí Ìwó. Fọ́ọ̀gì láìtì ọwọ́ ọ̀tún mi ti fọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín òjò, mi ò sì gbọ́ ìró òkúta kankan. Ríwáyà mi ní òkúta ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — *Onímọ́tò, Ọ̀tá-Ẹ̀fun*

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ìlà sísán náà ti gbéra. Òkúta kì í lọ láìfi àpá sílẹ̀: ẹ ó rí ihò kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́ tàbí bí hóró ìrẹsì, tí ìlà á máa yà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá sí ihò, tó jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo gbéra láti etí, tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ gba àárín kọjá, ooru àti omi tútù ló là á. Bí ó bá sì jẹ́ ìlà wẹ́wẹ́ tó kó jọ sí igun kan, níbi tí ike bọ́ńpà ti ń fara kan iná, ìjókòó iná náà ló ti yẹ̀.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, ooru la fura sí. Gílóòbù tí wọ́n ń pè ní H11, tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀gì láìtì ń lò, ń jẹ wáàtì 55 nínú ilé iná kékeré tí atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀. Bí ó bá ti ń tàn fún bí ogún ìṣẹ́jú, gíláàsì iwájú rẹ̀ á ti gbóná gan-an. Ìsàlẹ̀ ló sì wà. Ìlànà UN fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké gbà á láyè láti sẹ̀ǹtímítà 25 sí 80 sókè ilẹ̀, nítorí náà òun ni omi kòtò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Omi tútù á já lù ú, ojú òde gíláàsì á súnkì lójijì, inú rẹ̀ kò tíì súnkì, ó di kó là. Ẹni tó bá ti da omi tútù sínú ife onígíláàsì tí tíì gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ á mọ ohun tí à ń wí. Ìdí tó fi jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún kò ṣòro: ọwọ́ yẹn ló sún mọ́ gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ títì sì ni omi òjò máa ń dúró sí.

Ẹ yọ gílóòbù náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. H8 jẹ́ wáàtì 35, H11 jẹ́ wáàtì 55, ìdí àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àwọn kan máa ń fi ọ̀bẹ gé eyín ike ìdí H11 kó lè wọ ojú ihò H8. Ó wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ wáàtì 20 ni wọ́n fi kún ooru inú ilé iná tí kò gbà á. Èyí tó burú jù ni gílóòbù wáàtì 100 tí wọ́n ń tà pé ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Á jó ìjókòó wáyà, á bó fàdákà inú iná, ìyẹn ara dídán tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú, gíláàsì á tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n kọ sára ilé iná tàbí sínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ń fi í sí i, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan gíláàsì gílóòbù. Òróró ara ọwọ́ máa ń mú ibi tó bá kàn gbóná ju ibi yòókù lọ, gílóòbù á sì jó ní rèwerèwe.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ máa pa iná náà. Inú kùrukùru ìdájí, inú ọyẹ́ tó ṣú àti inú òjò ńlá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí ojú ọ̀nà bá mọ́, kò fi nǹkan kan kún ohun tí ẹ ń rí lókèèrè, ó kàn ń dá gbígbóná ni. Gíláàsì tí kò gbóná, omi kòtò kò ní lè là á. Bí ẹ bá sì rí omi tó dúró lójú títì, ẹ rọra wọ̀ ọ́ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun lẹ rọ́bà mímọ́ gaara mọ́ ojú fọ́ọ̀gì láìtì mi kí òkúta má bàa hó o. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí owó ló fẹ́ gbà? Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́ fúnra mi? — *Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà*

ÌDÁHÙN: Ó ń ṣiṣẹ́, Ìyá Ìbejì, ẹ sì lè lẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ojú iná yín. Ẹ fi èékánná kàn án: gíláàsì á dún gooro, ìró ike á kú. Ẹ tún wo àwọn lẹ́tà kéékèèké ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí PL, ike ni. Èyí tó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú, ike ni, nítorí oòrùn kì í sọ gíláàsì di pupa.

Orí ike ni rọ́bà yìí ti wúlò jù, torí ike ni òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn ń hó títí tí iná á fi di bàìbàì. Lórí gíláàsì tó ní gílóòbù wáàtì 55 lẹ́yìn, ooru lè mú gọ́ọ̀mù rẹ̀ wú tàbí kó pọ́n. Bí tiyín bá jẹ́ gíláàsì, ẹ ka ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára páálí rọ́bà náà kí ẹ tó sanwó. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Gílóòbù H16, tó jẹ́ wáàtì 19 péré, kò ní yọ yín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

PPF (paint protection film) ni àwọn tó ń ta rọ́bà yìí ń pè é. Kó nípọn tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá mílímítà, ó kéré tán. Ìdá mẹ́ta ló dára jù fún iná. Tíńtì fèrèsé kò nípọn tó ìdajì èyí, òkúta á gbà á kọjá. Ẹ má sì gba aláwọ̀ dúdú, kì í jẹ́ kí iná tàn síwájú.

Ẹ ṣe é ní àárọ̀ lábẹ́ òjìji, nígbà tí iná ti tutù pátápátá. Ẹ gbé bébà lé ojú iná, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán etí rẹ̀, kí ẹ wá gé rọ́bà tẹ̀ lé bébà náà, kó fi mílímítà méjì kéré sí etí yíká. Orí tábìlì ni kí ẹ ti gé e. Bí ẹ bá fi bíléèdì gé e lójú iná, àpá bíléèdì ò ní kúrò mọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ojú iná, kí ẹ fi ọtí isopropyl ìdá 70 nínú 100 tí wọ́n ń tà nílé oògùn nù ún. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù tàbí tínà kan ike, á sán wẹ́wẹ́ láti inú wá.

Ẹ da píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan, tó jẹ́ mílílítà 500, sínú ike tó ń fún omi, kí ẹ kán ṣáńpù ọmọdé sí i ní ẹ̀kán mẹ́ta. Ẹ fọ́n ọn sí ojú iná àti sí ẹ̀yìn rọ́bà tí ẹ ti ṣí, kó tutù dáadáa. Omi yìí ló ń jẹ́ kí ẹ lè sún un síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé káàdì ATM tó ti bàjẹ́, kí ẹ máa ti omi jáde láti àárín sí etí. Níbi tó bá ti tẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i láti bíi sẹ̀ǹtímítà 15, rọ́bà á rọ̀, á tẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí àwọn èèyàn ti sábà máa ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á fà á jù kó lè gba ibi tó tẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á fà padà, etí á ṣí, eruku á wọ̀ ọ́.

Ẹ má tan iná náà títí di ọjọ́ kejì, ẹ má sì fọ ọkọ̀ fún wákàtí 48. Ìléròrò omi á gbẹ fúnra rẹ̀. Ti atẹ́gùn kì í lọ; ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá wá ń fi ẹ̀rọ alágbára fọ ọkọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n má doríi rẹ̀ kọ etí rọ́bà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yìn típà ni mo sábà máa ń wà lójú ọ̀nà Ìkìrun. Pánẹ́ẹ̀bítà mi fẹ́ jó nẹ́ẹ̀tì irin síwájú iná náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — *Awakọ̀, Òkè-Baálẹ̀*

ÌDÁHÙN: Ọkọ̀ tó ń wọ oko tàbí ibi ìfọ́kúta lójoojúmọ́ nìkan la lè fọwọ́ sí i fún. Nẹ́ẹ̀tì ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa ń há sí ojú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, kó fi bóòtì dè é, kó má jó o mọ́ ọn, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì sì wà láàárín òun àti iná kí ooru lè jáde.

Jíjìnnà sí típà ló ń gba iná là jù. Nígbà tí ìdí típà bá kọjá òpó kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí iwájú yín tó dé òpó yẹn. Ẹ dín eré kù pẹ̀lú níbi tí wọ́n bá ti da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà: agbára tí òkúta fi ń gbá ọkọ̀ tó ń sá 80 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọkọ̀ tó ń sá 40.

ÌBÉÈRÈ: Òkúta ti hó ojú iná mi, àmọ́ kò tíì lu já. Ṣé kí n fi súpà gúlù dí i? — *Olùkọ́, Dada Estate*

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi súpà gúlù sí i. Èéfín rẹ̀ máa ń fi funfun bo ojú iná, ó sì lè dá kún sísán ike. Bó bá jẹ́ gíláàsì, ẹ ra gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n fi ń dí wíńsíkíríìnì, èyí tí oòrùn ń mú gan. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ eruku inú ihò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kán ẹ̀kán kan sí i, ẹ fi ọ̀rá pẹlẹbẹ tó bá a wá bò ó, kí ẹ gbé ojú ọkọ̀ kọ oòrùn fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíléèdì há èyí tó yọ sókè.

Èyí tó bá ti lu já, omi ti ń wọlé nìyẹn. Sílíkóònì mímọ́ lè dá a dúró títí ẹ ó fi rí òmíràn, àmọ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tó ń rùn bí fínígà, ásíìdì rẹ̀ lè jẹ fàdákà inú iná. Ẹ má sì jẹ́ kí ríwáyà dí ihò mímí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé iná. Ihò yẹn ló ń jẹ́ kí ìrì inú rẹ̀ gbẹ.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè mọ fọ́ọ̀gì láìtì tòkunbọ̀ tó dára? — *Oníṣòwò, Ìgbóná*

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé e sókè kọ oòrùn, kí ẹ wo inú: fàdákà tó ti pọ́n tàbí tó ti bó, ẹ dá a padà. Ẹ mì í létí. Bí ó bá ń dún wọ́kọ́wọ́kọ́, ohun kan ti já nínú rẹ̀. Ẹ ka gbogbo etí tí bóòtì ń gbà kọjá, torí èyí tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ kò ní pẹ́ já, iná á sì máa gbọ̀n lu bọ́ńpà títí yóò fi là. Ẹ wo ìjókòó wáyà bóyá ó ti hu àwọ̀ ewé.

Tí wọ́n bá ti dè é, ẹ gbé ọkọ̀ kọ ògiri láti mítà márùn-ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí òkè ìmọ́lẹ̀ náà lára ògiri fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ ju àárín iná fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń ràn sí. Sukurúù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ilé iná.