Èsì: Fáìlì tí orúkọ ẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bí fáìlì ọjà tó ń wá láti Ọ̀ffà sí Ìlọrin, tórúkọ ẹ̀ lè jẹ́ oja_20250314.csv lónìí, kó jẹ́ orúkọ míì lọ́la, ṣe lè máa wọ inú MySQL (ibi tẹ́ ẹ ń kó àkọsílẹ̀ ọjà sí) fúnra ẹ̀, dípò tẹ́ ẹ fi ń fọwọ́ kó o. Ẹ má jẹ́ kí script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) máa ṣírò déètì òní láti fi wá orúkọ fáìlì rárá, torí bíná bá lọ l'Ọ́ffà tí fáìlì dé lọ́jọ́ kejì, kò ní rí i mọ́ nìyẹn. Kó máa wá oja_*.csv nínú fódà (àmì ìràwọ̀ yẹn dúró fún ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀), àmọ́ LOAD DATA, àṣẹ tí MySQL fi ń kó fáìlì wọlé, fúnra ẹ̀ ò mọ àmì ìràwọ̀ yẹn o, bash (èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ lórí Linux) ni kẹ́ ẹ fi mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wọlé láìsí wàhálà kó sún un sí fódà míì kíá. Cron, ètò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ lákòókò tẹ́ ẹ bá yàn, á máa bá yín ṣe é láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi UNIQUE (òfin MySQL tí kì í gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì) sórí nọ́ńbà rìsíìtì, kí ọjà kan má bàa wọlé lẹ́ẹ̀mejì.