Wákàtí mélòó ni èèyàn fi ń parí géèmù Unpacking? Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, iná kì í sì í dúró níbí.

Nǹkan bíi wákàtí 3 sí 4 ni. Ìpele 8 péré ló ní, ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ilé tí obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ, láti 1997 títí dé 2018. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ tú ẹrù inú páálí, kí ẹ to ohun kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ ẹ́. Kò sí aago tó ń lé yín. Bí páálí bá tán tí ìkòkò ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìlà pupa á yọ yí i ká.

Ilé 2010 ló máa ń dá èèyàn dúró: sàtífíkéètì obìnrin náà kò ráyè lára ògiri ọkùnrin tó lọ bá gbé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ máa fi í sí. (Ó dùn mí díẹ̀.)

Ní ti iná Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ní kì í dúró, kò pọn dandan kí ẹ parí géèmù náà ní ìjókòó kan, ó sì ti wà fún fóònù Android láti 2023. Ẹni tó bá ń tò ó tó tún ń tún un tò lè pẹ́ ju wákàtí 4 lọ.