Bí Ènìyàn Bá Dúró sí Agbedeméjì Wáyà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi fẹ́ kí a gun zipline (wáyà gígùn tí wọ́n ń so ènìyàn kọ́ kó lè yọ̀ lọ sí òdìkejì) lókè igbó nígbà ìsinmi wa ní ilẹ̀ olóoru. Ara mi fúyẹ́; ṣé n kò ní há sójú ọ̀nà?

Ìdáhùn: Ó lè ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó fúyẹ́ kì í sábà yára tó ẹni tó wúwo, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, bẹ́líìtì tí wọ́n dì mọ́ yín nítan àti ìbàdí ló gbé yín dúró, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń yára tó. Afinimọ̀nà yóò wá fà yín. Ohun tí mo bẹ̀ yín sí jù ni pé, bí ẹ bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ má ṣe di wáyà mú níwájú kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń yí lórí rẹ̀, kó má baà gun ìka yín. Bí àrá bá ń sán, ẹ má gùn ún rárá.