Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n: ọgbọ́n ta ni gan-an?

Ẹnì kan béèrè pé òwe tó ní "ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè", ṣé ohun tó ń sọ ni pé ká máa gbọ́ràn sáwọn tó gbọ́n lẹ́nu, àti pé kí ló dé tó jẹ́ àgbà ni wọ́n fi pa á.

Rárá o, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ọlọ́gbọ́n inú òwe yẹn kì í ṣe ẹni tó gbọ́n ju gbogbo wa lọ, ẹlòmíì lásán ni. Ẹ wo bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé: owó olówó, ọmọ ọlọ́mọ, ilé onílé. Tí wọ́n bá ní lágbájá ti ná owó olówó, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ti Dangote, ó lè jẹ́ owó èsúsú ìyá aláta, ṣá ti mọ̀ pé kì í ṣe tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni, kódà kí onítọ̀hún jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ìyẹn ló ṣe máa ń pa mí lẹ́rìn-ín táwọn ọ̀gá kan bá ń fi òwe yìí halẹ̀ mọ́ ọmọṣẹ́, àwọn gan-an ló ń bá wí!

Ti àgbà yẹn, tọ́mọdé bá ṣìṣe, wọ́n á bá a wí, ó tán. Àgbà ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá a wí? Àfi kóun fúnra ẹ̀ gba ọgbọ́n ẹlòmíì, kí wọ́n má bàa pè é ní wèrè. Aláàfin Ọ̀yọ́ pàápàá kì í dá ìlú ṣe, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn ìjòyè 7 tó ń gbà á nímọ̀ràn, wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ló ṣáájú wọn.

Nígbà tá a ń ṣòkú ìyá bàbá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń darí wa, wọ́n ní ká ta kánópì sí ẹ̀yìnkùlé torí ibẹ̀ ló fẹ̀. A ti to àga dé ìdajì kí ọmọ àbúrò mi kan tó ń lé adìyẹ kiri tó sọ pé, "Bàbá, ibẹ̀ yẹn ni àgbàrá máa ń gbà o." Ìyá ẹ̀ ti nawọ́ kó gbá a létí, àmọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀, yanrìn ibẹ̀ mọ́ fínnífínní bí ẹni fìgbálẹ̀ gbá a lọ sápá kan, gbogbo àwa tá a dúró síbẹ̀ látàárọ̀ ò rí i. Wọ́n ní ká kó àga kúrò. A kùn gan-an, torí oòrùn ń mú ganrínganrín lọ́jọ́ yẹn.

Aago 4 ò tíì lù tí òjò fi dé, àgbàrá sì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ràì. Làwọn àlejò bá ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, bàbá yìí mà gbọ́n o." Ọmọ tó sọ ọ́ wà lábẹ́ tábìlì níbi tó ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín ẹ̀.