A fẹ́ lọ gun òkìtì yanrìn ní Colorado: ṣé Màmá àti ọmọ AS lè bá wa lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Houston là ń gbé. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Great Sand Dunes. Màmá mi, ẹni ọdún 67 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, máa bá wa lọ. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 14, jẹ́ AS. Gbogbo ẹni tá a bi ló ń sọ pé ká kó aṣọ òtútù dání. Ṣé ìyẹn nìkan ni?

Ìdáhùn: Ẹ kó aṣọ òtútù o, torí òru aṣálẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ máa mí símú ló yẹ kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún jù. Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ẹsẹ̀ òkìtì yanrìn yẹn ti ga tó nǹkan bí mítà 2,500. Ọ́síjìn tí ẹ máa fà símú níbẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ilé lọ. Ẹ ó kàn rìn díẹ̀, ẹ ó máa mí hẹlẹ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ti pápákọ̀ òfuurufú wa ọkọ̀ lọ tààrà. Ẹ sun òru méjì ní Denver, tó ga tó mítà 1,600, kí ara mọ̀ ọ́n lára. Bí orí bá ń fọ́ ẹnikẹ́ni, tí èébì ń gbé e, kó sinmi, kó má gun òkè sí i. Bí kò bá rọ̀ ọ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Kí Màmá rí dókítà wọn kẹ́ ẹ tó lọ. Odò kékeré kan, Medano Creek, máa ń ṣàn lẹ́sẹ̀ òkìtì náà lásìkò yẹn. Ẹ gbé àga sétí omi fún wọn, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òkìtì yanrìn Star Dune tó ga ju mítà 220 lọ kì í ṣe tiwọn.

Ti ọmọ yín ló jẹ mí lógún jù. A ti sọ ọ́ di àṣà pé ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni ọ̀rọ̀ AS ń jẹ jáde. Lórí òkè, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ́síjìn bá dín kù, tí ara tún gbẹ, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè tẹ̀ bíi dòjé. Kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láyọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa mumi dáadáa, kó má sì bá ẹnikẹ́ni sáré ìje gun yanrìn. Bí ìrora bá gún un lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lábẹ́ egungun ìhà, ẹ má pè é ní afẹ́fẹ́ inú. Ilé ìwòsàn ni, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ yín sì jẹ́ “AS ni ọmọ yìí.” Ká ní SS ni, màá ní kẹ́ ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì títí dókítà rẹ̀ á fi fọwọ́ sí i.

Yanrìn ọ̀sán ń jóni gan-an: àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gùn ún, pẹ̀lú bàtà. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá. Páálí kì í sì í yọ̀ lórí yanrìn gbígbẹ, kí àwọn ọmọ má wulẹ̀ gbé e wá. Ẹ háyà pátákó tí wọ́n fi ìda kùn nídìí kẹ́ ẹ tó wọlé.